Àlejò Inú Ìborùn

Ọkọ̀ omi ló kó bá Sẹ̀gilọlá lọ́sàn-án Sátidé yẹn. Iléyá ọdún 2007 ti kù sí dẹ̀dẹ̀, omi ẹ̀rọ ti dá lójú òpópó wọn ní Fẹ́sítáàkì láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, òun fúnra rẹ̀ ló sì ṣí géètì gbayawu kí awakọ̀ lè fi ẹ̀yìn ọkọ̀ wọlé. Awakọ̀ tẹ búréèkì. Ọkọ̀ náà tú èémí jáde, fìììì, bí òjòlá tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀. Kí Sẹ̀gilọlá tó yíjú padà, nǹkan eléérú kan ti fò kọjá níwájú rẹ̀, ó tún fò, ìrù rẹ̀ nà gbọọrọ lẹ́yìn, ó bọ́ sójú títì.

"Yéè! Àlejò ti jáde! Ẹ bá mi dí i lọ́nà o!"

Ta ló fẹ́ dí i? Awakọ̀ omi ti gun orí táyà, ó ń pariwo Jésù.

Wálábì ni ẹranko náà. Ẹni tó bá ti rí àwòrán kangarú rí, tó ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì fò kiri, kó ro ti àbúrò rẹ̀ tó kéré sí i, tí kò ga ju ìbàdí àgbàlagbà lọ nígbà tó bá nàró: wálábì nìyẹn. Ilẹ̀ Ọsirélíà ni ilé wọn. Òyìnbó ará ibẹ̀ kan tó ń ṣiṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ní Àpápá ló ń sìn ín tẹ́lẹ̀. Bádrù, ọkọ Sẹ̀gilọlá, ló sì máa ń gbé mílíìkì, ṣúgà àti bísíkíìtì lọ fún òyìnbó náà láti ìsọ̀ wọn ní ọjà Àgbójú. Nígbà tí òyìnbó ń padà sílé, tí wọn kò jẹ́ kó gbé ẹranko wọ bàálù, ó di Bádrù lọ́wọ́ mú, omi ń bọ́ lójú rẹ̀ pòròpòrò. Bádrù kì í lè wo ẹkún ọkùnrin. Bó ṣe gbé ẹranko wálé nìyẹn, tó sọ ọ́ ní Àlejò.

Sẹ̀gilọlá kò fẹ́ ẹ. Ó ní ilé òun kì í ṣe ọgbà ẹranko. Ṣùgbọ́n Àlejò kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Koríko àti ewé ni oúnjẹ rẹ̀, nígbà mìíràn a tún máa jẹ àpọ̀jẹ bí ewúrẹ́. Lọ́sàn-án, a sùn lẹ́yìn ilé níbi tí òjìji wà, bí ooru bá sì mú jù, a máa lá apá rẹ̀ méjèèjì títí wọn yóò fi rin fún itọ́, kí atẹ́gùn lè tù ú lára. Ìrọ̀lẹ́ ló ń jí, tó ń jẹun. Bí nǹkan bá dẹ́rù bà á, a fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀, gbì, gbì, bí ẹni ń gúnyán.

Ohun tó yí Sẹ̀gilọlá lọ́kàn padà ni wíwú kan tó rí níkùn ẹranko náà. Ó rò pé àrùn ni. Ó ránṣẹ́ pe Ìfẹ́dayọ̀, ọmọbìnrin kan tí gbogbo wọn mọ̀ láti kékeré ní òpópó kejì, tó ti kàwé di dókítà ẹranko, tó sì ń ṣiṣẹ́ lẹ́bàá Àgbójú. Ìfẹ́dayọ̀ fọwọ́ kan ikùn Àlejò, ó rẹ́rìn-ín.

"Mọ́mì, ọmọ ni o. Àpò wà níkùn ẹ̀, inú àpò yẹn lọmọ wà."

"Ọmọ ta? Akọ rẹ̀ ti kú lọ́dọ̀ òyìnbó kó tó dé ilé mi. Àbí ọmọ ànjọ̀nú ni?"

"Rárá o, mà. Bí Ọlọ́run ṣe dá wọn ni. Bí ọmọ kan bá ṣì ń mu ọmú nínú àpò, oyún tó tẹ̀lé e á dúró sójú kan nínú ìyá, kò ní dàgbà, á kàn máa retí. Ọjọ́ tí àpò bá ṣófo ló tó máa gbéra. Ẹ ẹ̀ rí i pé bàbá ẹ̀ ti lè kú kí wọ́n tó bí i."

Ó ní nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀, kì í tóbi ju ẹ̀wà kan lọ. Kò ní irun, kò ríran. Síbẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ni yóò rá pálá gba inú irun ìyá rẹ̀ gòkè dé inú àpò, yóò kó ọmú sẹ́nu, kò sì ní tú u sílẹ̀ fún oṣù púpọ̀.

Sẹ̀gilọlá ti bímọ, ó mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìrọbí. Láti ọjọ́ náà ló ti ń dúró lójú fèrèsé ilé ìdáná nírọ̀lẹ́. Ọjọ́ tí orí kékeré kan yọ láti inú àpò, tó ń wo ayé pẹ̀lú ojú dúdú dídán bíi kóró iṣin, ìrẹsì jóná mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo ni Ìfẹ́dayọ̀ fi sílẹ̀ lọ́jọ́ tó wá wò ó. "Ẹ má jẹ́ kí ajá tàbí èèyàn lé e, mà. Bí ajá ò bá tiẹ̀ bù ú jẹ, ẹ̀rù nìkan tó láti pa á. Iṣan ara ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ láti inú. Ẹ lè rò pé ó ti bọ́, kó sì kú lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yìí ló ń ró ní etí Sẹ̀gilọlá bó ṣe ń sáré lọ lójú títì, bàtà ẹsẹ̀ kan ti bọ́. Bádrù ti lọ sí Mẹ́kà. Nígbà tó ń lọ, ó gbá etí Àlejò mú jẹ́jẹ́, ó ní, "Ìyá Hidaayah, mo fi ilé lé Ọlọ́run lọ́wọ́, mo fi eléyìí lé ọ lọ́wọ́." Ó sọ ọ́ bí ẹni ń ṣeré. Ta ló mọ̀ pé eré máa di ọ̀ràn?

Ajá méjì láti ilé kejì ti gbọ́ ariwo. Wọ́n gba abẹ́ géètì wọn jáde, wọ́n gbá tọ̀ ọ́. Sẹ̀gilọlá rí Àlejò tó ń fò níwájú wọn, fífò gígùn tí kò kan ilẹ̀ dáadáa, wọ́n yí igun, kò rí wọn mọ́. Ó ju bàtà tó kù. Ó sáré. Obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tó jẹ́ pé lójoojúmọ́, orí àga ló ń jókòó sí ní ìsọ̀, èémí rẹ̀ ń dún bí ayùn tó ń gé pákó.

Ìpẹ̀kun òpópó náà ni kánàálì tí omi òjò ń gbà wà, koríko ibẹ̀ sì ga ju ènìyàn lọ. Ibẹ̀ ni àwọn ajá ti ń bọ̀ nígbà tó débẹ̀, ahọ́n wọn yọ síta. Kò sí ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu wọn. Kò mọ̀ bóyá kí òun dúpẹ́. Ó yọ fóònù láti ìdí ìró, ó kọ́kọ́ ṣèèṣì pe oníbàárà kan tó ń ra ọṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó rí Ìfẹ́dayọ̀ pè.

"Dókítà, ó ti jáde! Ajá ti lé e!"

"Mò ń bọ̀, mà. Ẹ má lé e o. Ẹ má pè é sókè. Ẹ kàn..."

Sẹ̀gilọlá kò gbọ́ ìyókù. Ohun kan ń dún lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú koríko, ohùn tín-ín-rín bí ẹni ń pòṣé: tsk, tsk, tsk. Ó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ náà ló dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀ gbígbẹ, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn ju ara rẹ̀ lọ, irun rẹ̀ kò tíì ju bí èéhù lọ. Erùpẹ̀ wà lójú rẹ̀. Kò sí ìyá rẹ̀ níbẹ̀.

"Ìfẹ́dayọ̀, ọmọ ti jábọ́! Ọmọ wà nílẹ̀!"

"Ṣé ó ń mí?"

"Ó ń mí. Báwo ló ṣe jábọ́?"

"Ìyá ló jẹ́ kó bọ́, mà. Bí wọ́n bá ń lé e, tó ti di pé ẹ̀mí fẹ́ bọ́, àpò á dẹ̀, ọmọ á jábọ́, kí ìyá lè sáré. Ẹ gbé e mọ́ra kíá. Otútù máa tètè pa á. Ẹ fi aṣọ wé e, kẹ́ ẹ kì í bọ àyà yín, kó ṣókùnkùn bí inú àpò."

Kò sí aṣọ lọ́wọ́ Sẹ̀gilọlá àfi ìborùn orí rẹ̀. Àwọn ọlọ́kadà jókòó sórí ọ̀kadà wọn lápá kejì kánàálì, wọ́n ń wò ó. Láti ìgbà tó ti wọ ilé ọkọ, kò sí ọkùnrin òde tó rí irun rẹ̀. Ó tú ìborùn náà, ó fi wé ọmọ, ó kì í bọ inú bùbá, ó sì fi apá kan gbá a mọ́ àyà. Ọmọ náà tutù bí ẹja. Ọkàn rẹ̀ ń lù kìkìkì mọ́ awọ ara Sẹ̀gilọlá, ó yára tó bẹ́ẹ̀ tí kò ṣeé kà.

"Ṣé kí n ra mílíìkì fún un?"

"Rárá, mà! Mílíìkì màlúù ò bá wọn lára mu. Inú á bẹ̀rẹ̀ sí í yà á. Ẹ má fún un ní nǹkan kan."

Sẹ̀gilọlá ti fi gbogbo ọjọ́ ayé ta mílíìkì inú agolo. Ìsọ̀ rẹ̀ kún fún mílíìkì dé àjà, kò sì sí ìkán kan níbẹ̀ tó lè gba ẹnu yìí là.

Ìgbà náà ni ariwo sọ lápá Àgbójú.

"Òkété ni! Òkété ńlá!"

"Òkété wo ló tó báyìí? Tàwọn àjẹ́ ni!"

Ilé kan tí wọn kò kọ́ parí wà lẹ́bàá ọ̀nà, ògiri mẹ́ta tí kò ní òrùlé. Èrò ti pé síwájú rẹ̀. Ẹnì kan mú igi, ẹnì kejì mú àdá, òmíràn ti mú àpò sìmẹ́ńtì wá. Ọ̀sẹ̀ Iléyá ni, ọ̀rọ̀ ẹran ló wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn.

"Ẹ dákun, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ dúró!" Sẹ̀gilọlá ń fi èjìká lanà láàrin wọn. "Ẹran ọ̀sìn mi ni!"

"Àlájà, irú ọ̀sìn wo rèé?" ẹni tó mú àdá bi í. "Ẹ wo bí ìrù ẹ̀ ṣe gùn. Ó fò kọjá lórí wíìbárò mi! Ẹ jẹ́ ká bá yín pa á kó tó ṣe èèyàn léṣe."

"Kì í ṣe èèyàn léṣe. Koríko ló ń jẹ."

"Ẹran Iléyá ọ̀fẹ́ ni Ọlọ́run fi ránṣẹ́," ẹnì kan sọ látẹ̀yìn, àwọn kan sì rẹ́rìn-ín.

Ìfẹ́dayọ̀ bọ́ sílẹ̀ lórí ọ̀kadà lákòókò yẹn, búláńkẹ́ẹ̀tì kan lápá. Kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó rọra rìn dé ẹnu ọ̀nà ilé náà, ó yọjú, ó sì padà sẹ́yìn. Nígbà tó kọjú sí Sẹ̀gilọlá, ojú rẹ̀ ti yí padà.

"Ó wà lẹ́yìn òkìtì búlọ́ọ̀kù, ní igun. Itọ́ ń dà lẹ́nu ẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá wọlé tọ̀ ọ́ báyìí, á fò kọlu ògiri. Wọn kì í lè fi ẹ̀yìn rìn dáadáa, mà, iwájú ni gbogbo ọ̀nà wọn. Ohun kan ṣoṣo ló wà: kí ibí yìí dákẹ́. Kí oòrùn rọlẹ̀, kó gbọ́ ohùn ọmọ ẹ̀. Á jáde fúnra ẹ̀."

Kí ibí yìí dákẹ́! Fẹ́sítáàkì, lọ́jọ́ Sátidé! Ilé ìwòran bọ́ọ̀lù ló fara ti ilé náà gbágbá. Jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ ń ké, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ń pariwo, àwọn tó wà nínú ilé sì ń pariwo ju gbogbo rẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá hó lẹ́ẹ̀kan, Sẹ̀gilọlá á gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń lu ilẹ̀ lẹ́yìn búlọ́ọ̀kù, gbì, gbì.

Ó wọ ibẹ̀ lọ. Ọlábọ̀dé ló ni ín, ọkùnrin kan tí kò tíì pé ogójì ọdún, ó dúró ti tẹlifíṣọ̀n, ó ká apá mọ́ àyà. Sẹ̀gilọlá ṣàlàyé fún un.

"Mama, ẹ má bínú," Ọlábọ̀dé ní. Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìwọ̀sí. "Bọ́ọ̀lù ti fẹ́ẹ̀ parí, ó sì gbóná. Bí mo bá paná báyìí, àwọn èèyàn yìí á fọ́ gbogbo àga mi. Ẹ ní sùúrù díẹ̀."

"Kò lè dúró de díẹ̀, ọmọ mi."

Ó ṣí ọrùn bùbá díẹ̀ kó lè rí orí ọmọ náà. Ọlábọ̀dé wò ó, ó mi orí, ó tún yíjú sí tẹlifíṣọ̀n. Sẹ̀gilọlá kò mọ ìgbà tí orúnkún òun kan ilẹ̀. Níwájú gbogbo wọn, láìborí, tòun ti ẹsẹ̀ lásán, ó kúnlẹ̀ fún ọmọ tó lè bí.

"Háà! Mama!" Ọlábọ̀dé fò sẹ́yìn bí ẹni tí iná mú. "Ẹ dìde! Ṣé ẹ fẹ́ kí n kú ni? Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́!"

Kò dìde. Ọlábọ̀dé sáré jáde, jẹnẹrétọ̀ wúkọ́, ó kú. Òkùnkùn bo tẹlifíṣọ̀n, àwọn òǹwòran dìde lápapọ̀, igbe ta. Ọlábọ̀dé padà wọlé, ó ń làágùn.

"Ẹ gbọ́ mi! Ìyá tó tó bí mi lọ́mọ kúnlẹ̀ fún mi níwájú yín. Èyí tó bá lè gbà kí ìyá tiẹ̀ kúnlẹ̀ bẹ́ẹ̀ nínú yín, kó lọ tan jẹnẹrétọ̀ yẹn."

Ẹnikẹ́ni kò lọ.

Wọ́n jáde, wọ́n jókòó sílẹ̀. Kò sí ẹni tó mọ ìdí tí gbogbo wọn fi gbà. Bóyá nítorí pé Ìfẹ́dayọ̀ kọ́kọ́ jókòó ni, pé ó gbé ìka sétè bí olùkọ́ ilé ìwé àwọn ọmọdé. Ẹni tó mú àdá fi í sábẹ́ itan. Sẹ̀gilọlá jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé náà, ó gbé ẹnu ìborùn sílẹ̀ díẹ̀, ọmọ náà sì tún bẹ̀rẹ̀: tsk, tsk. Kò sí ìdáhùn. Ọkọ̀ elépo kan ń ti apá Satẹláìtì bọ̀ lójú ọ̀nà, ó ń kérora. Gbogbo ènìyàn di èémí mú títí ó fi kọjá. Ọ̀kan wúkọ́, wọ́n wò ó bí olè.

Oòrùn ń wọ̀. Ọyẹ́ ti sọ ojú ọ̀run di pupa rúsúrúsú. Sẹ̀gilọlá tún gbá ọmọ inú ìborùn mọ́ àyà. Ó ti rántí ohun tó ń bọ̀. Àkókò ìrun Mọ̀gáríbì ti tó, mọ́sálásí sì wà ní ìkángun òpópó, ẹ̀rọ rẹ̀ kọjú síbí tààrà. Kò bẹ̀rù ìpè ìrun rí láyé rẹ̀. Ó ń tọrọ àforíjì lọ́kàn, bó ṣe ń tọrọ bẹ́ẹ̀ náà ló ń bẹ Ọlọ́run pé kí ládàánì rọra pè é.

Ẹ̀rọ hó, ládàánì sì gbóhùn sókè. Sẹ̀gilọlá pa ojú dé. Ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, gbì. Ó retí ìró ara tó máa kọlu ògiri. Kò gbọ́ ọ. Ó la ojú: imú kan ti yọ lẹ́yìn búlọ́ọ̀kù, etí méjèèjì ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ìgbà náà ló yé e. Láti ọjọ́ tí Àlejò ti dé ilé wọn, ìpè yìí ló ń gbọ́ nígbà tó bá jí ní ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n bá da koríko fún un. Ohùn oúnjẹ ló jẹ́ létí rẹ̀.

Àlejò kò fò mọ́. Ó ń wọ́ ara rẹ̀ bọ̀, ọwọ́ méjì àti ìrù nílẹ̀, lẹ́yìn náà ẹsẹ̀. Ọmọ ké. Ó dé itan Sẹ̀gilọlá, ó gbóòórùn ìborùn. Ìfẹ́dayọ̀ ju búláńkẹ́ẹ̀tì bò ó, ó di ìdí ìrù rẹ̀ mú, ó sì gbá a mọ́ra nínú òkùnkùn aṣọ náà. Ọkùnrin kan fẹ́ pàtẹ́wọ́. Ọlábọ̀dé di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú.

Inú yàrá tí wọ́n ń kó ọjà sí nílé ni wọ́n gbé e sí, wọ́n fi aṣọ dí fèrèsé. Ìfẹ́dayọ̀ ṣí àpò ìyá, ó gbé ẹnu ọmọ lé e. Ọmọ náà fi orí rì wọ inú rẹ̀, ó yí padà nínú lọ́hùn-ún, ẹsẹ̀ gígùn kan ṣì yọ síta. Sẹ̀gilọlá bú sẹ́kún.

"Ó ti bọ́, àbí? Sọ fún mi pé ó ti bọ́."

"Mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀, mà," Ìfẹ́dayọ̀ dáhùn. "Ká ṣì máa wò ó."

Wọ́n wò ó. Lọ́jọ́ kejì, Àlejò kò fẹnu kan koríko. Lọ́jọ́ tó tẹ̀lé e, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ le gan-an, kò lè nàró, ìtọ̀ rẹ̀ sì pọ́n bí omi sobo. Ìfẹ́dayọ̀ fún un lábẹ́rẹ́, ó fi omi sí i lára, ó wá láàárọ̀, ó wá lọ́sàn-án. Sẹ̀gilọlá kò lọ sí ìsọ̀. Bó bá jókòó síta yàrá, á máa fetí sí ìmí; bó bá wọlé, á máa bẹ̀rù pé ẹsẹ̀ òun ló ń dá kún ẹ̀rù rẹ̀.

Ọjọ́ Àráfà, tí Iléyá ku ọ̀la, ni Bádrù pè. Ariwo èrò kún etí fóònù.

"Ìyá Hidaayah! Orí òkè ni mo wà, mò ń ṣe àdúà fún gbogbo yín. Ilé ńkọ́?"

"Àlàáfíà ni, Alhamdulillah."

"Àlejò ńkọ́?"

Sẹ̀gilọlá wo ilẹ̀kùn yàrá náà. "Ó ń sùn," ó ní.

Kò parọ́ pátápátá. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Àlejò ti kú, ojú rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ọmọ ṣì ń fa ọmú nínú àpò rẹ̀. Ìfẹ́dayọ̀ ló yọ ọmọ náà jẹ́jẹ́ kúrò lẹ́nu ọmú, kò sì lè gbé ojú sókè wo Sẹ̀gilọlá.

Lọ́jọ́ Iléyá, lẹ́yìn tí wọ́n ti kírun tán, tí òórùn ẹran yíyan ti gba gbogbo àdúgbò, Ọlábọ̀dé kan géètì. Òun àti ẹni tó mú àdá lọ́jọ́sí ni.

"Mama, a ní ká wá béèrè. Ẹranko yẹn ńkọ́?"

Sẹ̀gilọlá nawọ́ sí yàrá tí òkú rẹ̀ wà. Ọlábọ̀dé wo ojú rẹ̀, ó yọ fìlà. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn ilé, àwọn méjèèjì, wọ́n sì jìn ín dáadáa kí ajá má baà hú u. Nígbà tí ẹnì kan láti ilé kejì yọjú lórí ògiri pé kí ló dé tí wọ́n ń sin ẹran lọ́jọ́ Iléyá, ọkùnrin aládàá ló dá a lóhùn pé ẹni tí ebi ẹran bá ń pa kó lọ bá àgbò rẹ̀.

Ọmọ wá kù. Sẹ̀gilọlá fi ìborùn yẹn rán àpò, ó fi ọ̀já kọ́ ọ sọ́rùn ara rẹ̀, inú rẹ̀ ni ọmọ ń gbé mọ́ àyà rẹ̀, nílé àti ní ìsọ̀. Ìfẹ́dayọ̀ wá ilé oògùn kiri dé Máìlì Tú kó tó rí mílíìkì àwọn ìkókó tí kò ní irú ṣúgà tó ń da inú irú ẹranko yìí rú. Ọjọ́ kan ó mu ún tán, ọjọ́ kejì ó pọ̀ ọ́ dànù. Inú yà á, ó gbẹ, ó rù. Inú dá, ó tún gbé orí sókè. Bí àwọn oníbàárà bá bi Sẹ̀gilọlá pé kí ló ń mì nínú aṣọ rẹ̀, á ní àlejò ni, á sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀. Kò sùn dáadáa mọ́. Bí kò bá gbọ́ ìmí náà fún ìṣẹ́jú kan, á fọwọ́ kàn án. Bó bá sì fọwọ́ kàn án, á tún bẹ̀rù pé òun ti jí i.

Bádrù dé lẹ́yìn ọdún tuntun, ó ti dúdú, ó ti rù, ó gbé omi Samusamu láti Mẹ́kà dání. Sẹ̀gilọlá pàdé rẹ̀ ní géètì. Bádrù fẹ́ gbá a mọ́ra, ṣùgbọ́n Sẹ̀gilọlá na ọwọ́ dí i.

"Rọra. Ẹnì kan wà níbí."

Kò yé Bádrù. Ó rẹ́rìn-ín, ó kọjá sí ẹ̀yìn ilé, ó ń pe Àlejò bó ṣe máa ń pè é. Ìpè náà dáwọ́ dúró. Nígbà tí Sẹ̀gilọlá tẹ̀lé e débẹ̀, ó ti jókòó sórí àpótí, ó kọjú sí òkìtì erùpẹ̀ náà. Sẹ̀gilọlá sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan ibi tó ti sọ lórí fóònù pé ó ń sùn. Bádrù kò bínú. Ó fi etí aṣọ nu ojú.

Sẹ̀gilọlá bẹ̀rẹ̀, ó ṣí ẹnu àpò sílẹ̀. Imú yọ. Lẹ́yìn náà ọwọ́ kékeré méjì. Ọmọ náà jáde sórí koríko, ó fò lẹ́ẹ̀kan, ó ṣubú, ó tún fò, ó já ewé koríko kan ṣoṣo, ó ń jẹ ẹ́ bí ẹni ń rò ó. Géètì ilé kejì gbá pa. Ó yí padà wìì, ó fi orí rì wọ inú àpò, ẹsẹ̀ kan kù síta.

"Ṣé ó máa yè?" Bádrù bi í.

"Mi ò mọ̀. Dókítà náà ò mọ̀. Ojoojúmọ́ ni mò ń bẹ̀rù."

Bádrù na ọwọ́. "Gbé e wá."

Sẹ̀gilọlá lọ́ra. Láti ọjọ́ Iléyá, àpò náà kò tíì sí lọ́rùn ẹlòmíràn. Lẹ́yìn náà ó bọ́ ọ̀já náà, ó fi kọ́ ọkọ rẹ̀ lọ́rùn, ó tún aṣọ ṣe kí òkùnkùn inú rẹ̀ lè pé.

"Má sọ̀rọ̀ sókè," ó wí fún un. "Má sì rìn kíákíá."

Bádrù mi orí. Ó jókòó jẹ́ẹ́, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lábẹ́ àpò náà, bí ẹni gbé omi tó kún dẹ́nu. Sẹ̀gilọlá dúró tì í, kò lè wọlé lọ sinmi, ó ń wo àyà ọkọ rẹ̀, ó ń wá ìmí kejì tó wà nínú rẹ̀.